A Jí I Dìde, Àbí A Jí I Gbé?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń yọ wá lẹ́nu láti bí oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ náà ni "jí". Ẹni tó sùn tó sì lajú, a ní ó jí. Ẹni tó mú ohun olóhun láìtọrọ, a ní ó jí i. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ẹ wá gbé gbólóhùn yìí yẹ̀ wò: "Àwọn ọmọ yìí jí orin àtijọ́." Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Ṣé wọ́n jí i dìde ni, àbí wọ́n jí i gbé?

Ẹlòmíì á ní kí ló kàn wá nínú èyí. Òótọ́ ni, iṣẹ́ wa kọ́ ni orin. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ kóòdù nínú yàrá kan ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, àṣìṣe kan wà nínú áàpù tí a ṣe fún oníbàárà wa, a ti ń wá a láti ìrọ̀lẹ́, a ò rí i. Orí gbogbo wa ti gbóná. Ni ọ̀kan nínú wa bá tan YouTube, ó ní kí àwọn Platters máa kọrin fún wa, torí pé àwo wọn ni bàbá rẹ̀ máa ń gbé sí i ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí àwọn Platters parí, YouTube fò fúnra rẹ̀ sórí fídíò mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bẹ̀ ẹ́ fún.

Ẹgbẹ́ kan láti Ìlú Ọba ni, Darts ni wọ́n ń jẹ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mẹ́rin dúró níwájú tí wọ́n ń to ohùn léra, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Èyí tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, Den Hegarty, ń yọ ojú, ó ń sáré káàkiri orí ìtàgé bí ẹni tí òrìṣà gùn. A rẹ́rìn-ín títí. A tún un gbọ́. Láti ibẹ̀ a bọ́ sọ́dọ̀ Showaddywaddy, ọkùnrin mẹ́jọ nínú kóòtù gígùn aláwọ̀ oríṣiríṣi. Nígbà tí aago méjì òru fi máa lù, a ti gbàgbé àṣìṣe tí à ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí, torí pé ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn ẹgbẹ́ olórin kan dìde ní Ìlú Ọba tí wọn ò bá ìgbà wọn rìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń wá ohùn tuntun kiri, àwọn ní tiwọn padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n lọ kó orin tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti kọ ní ìgbà tí rock and roll ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún irú nǹkan báyìí, tí a bá yí i sí Yorùbá, ìsọjí ni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta táńpólì sí, tí wọ́n ń kọjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ojúlé yín mọ́jú o.

Ìlú Leicester ni Showaddywaddy ti wá. Ní 1973, ẹgbẹ́ méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé méjì-méjì ni gbogbo nǹkan wọn: onílù méjì, oníbéèsì méjì, onígìtá méjì, akọrin iwájú méjì. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni dànù. (Ẹni tó bá ti rí ilé-iṣẹ́ méjì tó dà pọ̀ rí á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.) Orin tó kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní 1974, "Hey Rock and Roll", tiwọn ni, àwọn fúnra wọn ló hun ún, ó sì dé ipò kejì lórí àtẹ orin. Ṣùgbọ́n orin kan ṣoṣo tó gbé wọn dé ipò kìíní, orin olórin ni. "Under the Moon of Love" ni, ní ìparí 1976. Curtis Lee, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1961, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ròkè nígbà náà.

Darts náà, orin mẹ́ta léraléra ni wọ́n gbé dé ipò kejì ní 1978. Èyí àkọ́kọ́, "Come Back My Love", ti àwọn Wrens ni, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú láti Bronx ní New York, tí wọ́n gbé e jáde ní 1955 tí ayé ò sì fiyè sí wọn. Èkejì, "The Boy from New York City", ti àwọn Ad Libs ni, 1965. Ẹ̀kẹta nìkan ni wọ́n hun nínú ilé ara wọn.

Irú orin tí wọ́n jí yìí (ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe wù yín), doo-wop ni wọ́n ń pè é. Orí kọ́nà àdúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, ní New York, ní Philadelphia, ní Baltimore. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, nígbà tó yá àwọn ọmọ Ítálì àti ti Puerto Rico náà dara pọ̀. Wọn ò lówó ohun èlò, torí náà ẹnu ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan á fi ọ̀nà ọ̀fun ṣe béèsì, àwọn méjì á máa gbè lẹ́yìn, ẹnì kan á gba iwájú, ẹlòmíì á gba òkè téńté. Wọ́n máa ń wá ibi tí ògiri á ti dá ohùn wọn padà, abẹ́ àtẹ̀gùn, ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ kò ní ìtumọ̀ kankan, sílébù lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ gángan rí mọ̀ pé ohùn tí kò ní lẹ́tà lè sọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Kò sí ohun tó burú nínú kíkọ orin olórin. A fẹ́ sọ èyí kedere, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a fẹ́ fi àwọn ọmọ Leicester sẹ́wọ̀n. Bí a bá gbé iṣu yín, iṣu yín ti lọ. Bí a bá kọ orin yín, orin yín ṣì wà lẹ́nu yín. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ èyí dáadáa, torí pé iṣẹ́ wa ò lè rìn fún ọjọ́ kan láìjẹ́ pé a da nǹkan ẹlòmíì kọ. Ìpìlẹ̀ ilé tí à ń kọ́, àwọn tí a ò mọ̀ rí ló fi sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ orí kọ́nà náà kúkú da nǹkan kọ. "Blue Moon" tí àwọn Marcels láti Pittsburgh gbé dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba ní 1961, Rodgers àti Hart ló hun ún ní 1934, orin jẹ́jẹ́ ni. Àwọn Marcels ló gbé e sọ sókè tí wọ́n gbá a mú bí bọ́ọ̀lù. Showaddywaddy tún wá gbé e lẹ́yìn wọn ní 1980. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Níbo wá ni ihò náà wà? Ẹ jẹ́ ká dúró sórí "Blue Moon" yìí díẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún ẹni tó mọ orin náà pé kó fi ẹnu ṣe é fún yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hart ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ohun tí Fred Johnson, ẹni tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ àwọn Marcels, fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò jáde, àwọn sílébù tó ń ta kanrin-kanrin yẹn. Òun ló so mọ́ni létí. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá tún orin náà gbà sílẹ̀, owó ẹni tó hun ún ń lọ sọ́dọ̀ Rodgers àti Hart àti àwọn ajogún wọn. Fred Johnson kò sí nínú ìwé. Òfin ò ka sílébù rẹ̀ sí orin.

Níbí ni èdè wa ti tún fi nǹkan hàn wá. Yorùbá ní "ó kọ orin", ó parí. Ẹni tó fọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹni tó fẹnu kọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè wọ́n. Òfin ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tó fọwọ́ kọ ọ́ ni onílé, ẹni tó fẹnu kọ ọ́ jẹ́ ayálégbé. Tí ayálégbé bá ti kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló kun ilé, tó gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Curtis Lee lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun àti Tommy Boyce ló jọ fọwọ́ kọ "Under the Moon of Love" àti "Pretty Little Angel Eyes", torí náà nígbà tí Showaddywaddy gbé èkíní dé ipò kìíní ní 1976, tí wọ́n gbé èkejì dé ipò karùn-ún ní 1978, òfin mọ ojúlé Lee. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lórí "Pretty Little Angel Eyes" ti 1961, àwọn Halos ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú láti New York. Ohùn wọn tó ń lé ara wọn kiri nínú orin náà, láìsí i, orin náà á dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Leicester jókòó láti kọ́ ọ, kì í ṣe orin Lee nìkan ni wọ́n kọ́. Wọ́n kọ́ ọ̀nà ọ̀fun àwọn Halos, ibi tí wọ́n ti gùn ún àti ibi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n mú, kò sì sí ilé kankan tí wọ́n lè gbé owó rẹ̀ lọ, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó rú òfin. Ohun tó ń dun wá gan-an nìyẹn. Ì bá rọrùn fún wa tí olè bá wà níbẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwé fúnra rẹ̀ ló máa ń ní àrùn. Ní 1956, àwọn ọmọ márùn-ún kan ní New York, Frankie Lymon and the Teenagers, gbé "Why Do Fools Fall in Love" jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Lymon. Lọ́dún yẹn kan náà, orin náà dé ipò kìíní ní Ìlú Ọba. Lórí ìwé, orúkọ Lymon àti ti George Goldner, oníṣòwò tó ni ilé-iṣẹ́ àwo náà, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó yá, orúkọ Morris Levy, oníṣòwò mìíràn, gba ipò Goldner. Méjì nínú àwọn Teenagers, Herman Santiago àti Jimmy Merchant, ní rárá o, àwọn wà lára ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1992, kóòtù gbà pẹ̀lú wọn. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da gbogbo rẹ̀ nù. Kì í ṣe pé wọ́n ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Wọ́n ní wọ́n pẹ́ jù ni, pé ọdún mẹ́ta péré ni òfin fún wọn láti fi sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ọdún mẹ́ta! Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí mẹ́rìndínlógún mọ̀ nípa pé kó tètè wá lọ́yà?

Ohun tó jẹ́ kí a mẹ́nu bà á ni pé ní 1976, nígbà tí ìsọjí ń gbóná ní Ìlú Ọba, Santiago àti Merchant ò tíì pé ogójì ọdún. Lymon nìkan ló ti kú, ní 1968, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ "ìsọjí" yìí ní ẹ̀tàn nínú. Òkú là ń sọ jí. Tí a bá ti pe nǹkan ní òkú, a ti yanjú ọ̀rọ̀ olóhun nìyẹn, torí òkú kì í béèrè owó. Ṣùgbọ́n ogún ọdún kì í ṣe ayérayé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ orin wọ̀nyí wà láyé, ara wọn le, àwọn mìíràn ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí. Ẹni tí kò sùn ńkọ́? Ẹni tó kàn jókòó sílé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

Ní 1983, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Flying Pickets, ọkùnrin mẹ́fà láìsí ohun èlò kankan, fi ẹnu lásán gbé "Only You" dé ipò kìíní nígbà Kérésì. Orin Yazoo ni, ọdún kan péré ló pé. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìsọjí, torí pé gbogbo ilé ló ṣì mọ ẹni tó ni ín. Dídàkọ kan náà ni, ohùn títò kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn olùgbọ́ ò tíì gbàgbé. A wá rí i pé kì í ṣe orí ìtàgé ni nǹkan ti ń sọnù. Nínú ìrántí àwa tí à ń gbọ́ ọ ni. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń wo Showaddywaddy lórí tẹlifíṣàn ní 1976, ta ni ó máa rò pé ó ni orin yẹn?

Aṣọ wọn náà ní ìtàn, a ò sì lè fò ó. Kóòtù gígùn, ṣòkòtò tó fún mọ́sẹ̀, bàtà tí àtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn: aṣọ Teddy boy nìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ funfun Ìlú Ọba ló ń wọ̀ ọ́ ní àwọn ọdún 1950. Ní 1958, nígbà tí wọ́n kọlu àwọn ará Karíbíánì ní Notting Hill ní London, àwọn Teddy boy wà lára àwọn tó ń lé ènìyàn kiri lálẹ́. Ẹ wá wò ó: orin tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pilẹ̀, nínú aṣọ àwọn tó lé aláwọ̀ dúdú. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí ni, à bá ti kọ orí ọ̀rọ̀ yìí ní lẹ́tà ńlá pé olè ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú onílù méjì Showaddywaddy ni Romeo Challenger, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Antigua. Kóòtù Teddy boy kan náà ló wọ̀, ó ń fi ọ̀pá ìlù na ìlù rẹ̀. Ìlú Leicester tí wọ́n ti wá, ní 1972, ọdún tó ṣáájú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn ní Uganda, pé kí àwọn ará Éṣíà tí Idi Amin ń lé jáde má wá sí ìlú àwọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ Antigua kan láti ìlú yẹn kan náà wà lórí tẹlifíṣàn gbogbo orílẹ̀-èdè nínú aṣọ àwọn tí ì bá lé òun náà. A tún fídíò náà wò léraléra. Ìdájọ́ wa, ẹ lè má gbà, ni pé láti ọjọ́ tó ti wọ kóòtù yẹn, kóòtù yẹn kì í ṣe ti àwọn ará 1958 mọ́. Nǹkan kan wà tí ènìyàn lè mú láìtọrọ tí ó sì jẹ́ pé ó tún nǹkan náà ṣe ni.

Àwa ò bá má mọ àwọn Wrens láéláé bí kì í bá ṣe Darts. Inú fídíò Darts la ti rí orúkọ wọn, ẹnì kan ló kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la lọ wá ti 1955. Ó lọ́ra ju ti Darts lọ, ìbànújẹ́ inú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ jù nínú wa, tí kì í sọ̀rọ̀ orin rárá, ní òun fẹ́ràn ti àwọn Wrens jù.

Nílẹ̀ wa, oníjàálá tàbí onírárà kì í dédé la ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ júbà. Ó máa forí balẹ̀ fún àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀, fún ẹni tó kọ́ ọ, kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ LICENSE. Èyí tí wọ́n ń pè ní MIT, tó wọ́pọ̀ gan-an, kò gùn, ojú ewé kan kò kún. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ mú kóòdù mi, ẹ lò ó, ẹ tà á, ẹ yí i padà bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orúkọ mi àti ìwé yìí máa tẹ̀ lé e. Ìbà lásán ni wọ́n ń béèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kù sórí wa.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, oníbàárà kan ní ká ṣe áàpù tí àwọn ọmọléèwé á fi máa kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí fóònù. A wá orí GitHub, a rí kóòdù kékeré kan tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹ bá tẹ "ojo" sí i, ó máa wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká kó tó pinnu bóyá òjò ni, ọjọ́ ni, àbí ojo. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n ọdún méje ti kọjá tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè níbẹ̀, kò sí ìdáhùn. A ní, "Eléyìí ti kú." A gbé e, a fọ̀ ọ́ mọ́, a jẹ́ kó yá sí i, a fún un lórúkọ tuntun àti àwọ̀ tuntun. Nígbà tí à ń kó àwọn fáìlì, LICENSE ò bá wa débẹ̀. A lè ní a gbàgbé ni. Ká sòótọ́, ọ̀kan nínú wa béèrè, àwa méjì yòókù ní kó fi sílẹ̀ jàre, ta ni yóò wò ó? Oníbàárà sanwó, a pín in.

Àṣìṣe tí à ń wá lálẹ́ ọjọ́ àwọn Platters, inú áàpù yìí ló wà. Bí ọmọ kan bá tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n gbé ọkọ̀ ìyàwó wá, áàpù á kọ ọ́ pé wọ́n gbé ọkọ ìyàwó wá. Àwọn olùkọ́ ti ń rẹ́rìn-ín wa. A ò rí ojútùú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò rí i lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ò mọ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àbúrò mi ń lo áàpù yín nílé ìwé wọn. Mo rí i pé ọkọ̀ ìyàwó ṣì ń di ọkọ ìyàwó, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo kọ ọ́ ní yunifásítì. Ẹ wo ìlà 216. Ẹ ti tún un ṣe gan-an, ó yá ju tèmi lọ, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi dà?"

Ìlà 216 ni lóòótọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá èsì sí ìbéèrè rẹ̀. Kò kú, kò sùn, ó ti di olùkọ́ físíìsì ni, kò ráyè kóòdù mọ́. Àwa mẹ́ta jókòó, a jiyàn. Ọ̀kan ní ìbà ni ìwé rẹ̀ béèrè, ká dá orúkọ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀kan ní orúkọ ò kún inú ìkòkò, pé bí àwọn Halos bá rí orúkọ wọn lára àwo lónìí, ṣé ìyẹn ló máa san owó ilé wọn ní 1978? Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, òun ló béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

A dá LICENSE rẹ̀ padà. A tún fi fáìlì kan sí i tí a pè ní ÌBÀ, orúkọ rẹ̀ ló wà ní ìlà kìíní, gbogbo ẹni tó bá ṣí áàpù náà ló lè kà á. A kọ̀wé sí i, a ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a jẹ̀bi," a sì ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́, pé a ti yọ ìdá kan sọ́tọ̀ nínú owó náà. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ ti ń jẹ́ ọkọ̀ báyìí. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ àkáǹtì. A tún kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì fèsì.

Owó náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí jẹ́nẹ́rétọ̀ wa kọṣẹ́, ẹnì kan nínú wa ní ṣé a ò lè yá díẹ̀ nínú rẹ̀ ná. A ní kó jẹ́ ká dúró.